Mọ́tò Ń Gbọ̀n Lẹ́yìn Tí Wọ́n Pààrọ̀ Púlọ́ọ̀gì: Bí Ẹ Ṣe Máa Mọ̀ Pé Wọn Ò Dè É Dáadáa, àti Bí Ẹ Ṣe Máa Tún Un Dè

Ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi mí ṣáá, láti Adó dé Ìkéré, láti Ìjerò dé Ọ̀mùò: "Púlọ́ọ̀gì tuntun ni wọ́n fi sí i, kí ló wá dé tí mọ́tò ò fi lè gun òkè mọ́?" Ẹni tó bá ń wakọ̀ ní Èkìtì mọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹni tó béèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, mọ́tò tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kan (ohun kékeré tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì) ò jó dáadáa lè máa tan yín jẹ. Ẹ jẹ́ kó kúrò ní Ìtawúrè kó máa gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, kí èrò àti ẹrù sì kún inú rẹ̀, ibẹ̀ ni àṣírí á ti tú.

Owó tí ẹ ń ná sórí ẹ̀ ló ń dùn mí jù. Wọ́n á ní kí ẹ lọ ra fúẹ́ẹ̀lì pọ́ọ̀ǹpù. Wọ́n á fọ nọ́sùlù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí kò bá lọ, wọ́n á ní brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, ló bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó padà lọ wo púlọ́ọ̀gì tí wọ́n fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn. Ohun tí wọ́n fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé nìyẹn, òun náà ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé.

## Ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Bí mọ́tò bá ti ń gbọ̀n kí wọ́n tó yọ púlọ́ọ̀gì àtijọ́, ó lè jẹ́ pé púlọ́ọ̀gì kọ́ ni ìṣòro náà láti ilẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ tán ni wàhálà dé, ẹ ò gbọ́dọ̀ ra ohunkóhun títí ẹ ó fi ka ìwé yìí tán.

Ṣé lójú ẹsẹ̀ ni, àbí ó pẹ́ díẹ̀? Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ sábà máa ń jẹ́ pé wáyà kọ́ìlì (ohun tó ń gbé iná fún púlọ́ọ̀gì) ò wọlé tán, tàbí wọ́n ti gbé wáyà fún ara wọn, tàbí púlọ́ọ̀gì kan bọ́ lọ́wọ́ wọn tí ẹnu rẹ̀ sì pa dé. Èyí tó tó ọjọ́ mélòó kan kó tó bẹ̀rẹ̀, tó wá ń le sí i, ẹ fura sí púlọ́ọ̀gì tó dẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbọ̀n, tó ń gbóná, tó ń tutù, bẹ́ẹ̀ ni púlọ́ọ̀gì tí wọn ò fún dáadáa á máa tú díẹ̀díẹ̀.

Ta ló ṣe é, irinṣẹ́ wo ló sì lò? Mi ò ní kí ẹ bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ bí ẹ bá rí i pé ọmọ iṣẹ́ ló fi súpánà wọ́ púlọ́ọ̀gì wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò fi ọwọ́ dè é rárá, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ wò.

## Àmì tí ẹ máa rí, tí ẹ máa gbọ́, tí ẹ máa gbóòórùn

- Mọ́tò ń gbọ̀n bó bá dúró lójú kan tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ó sì ń balẹ̀ díẹ̀ bí ẹ bá tẹ tọ́rótù.
- Ó ń já lórí òkè. Ẹ tẹ tọ́rótù, kò dáhùn. Ó wá fò síwájú lẹ́ẹ̀kan náà.
- Ariwo "tí-tí-tí" tàbí "fù-fù-fù" ń jáde láti ìdí púlọ́ọ̀gì, ó sì ń yára bí ẹ́ńjìnnì bá ń yára. Kọ́mpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnnì fún pọ̀, ló ń sá jáde níbẹ̀. Àwọn kan máa ń pè é ní ariwo fáàfù, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun tí kò yẹ kí wọ́n tú.
- Òórùn epo tó jó ń wá láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.
- Sàlẹ́ńsà ń bú gbàù, pàápàá bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì rẹ̀ tàbí bí ẹ bá ju tọ́rótù sílẹ̀.
- Epo ń tètè tán.
- Iná check engine tàn. Bí wọ́n bá skáànì rẹ̀ láti ka kóòdù, P0300 túmọ̀ sí pé sìlíńdà (ihò tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì) tí kò jó ju ẹyọ kan lọ, tàbí pé ó ń bọ́ síhìn-ín bọ́ sọ́hùn-ún. P0301 jẹ́ sìlíńdà kìíní, P0302 ìkejì, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ló ń sọ ibi tí ẹ máa wò.

Ìkìlọ̀: Bí iná check engine bá ń ṣẹ́jú, tí kì í kàn án tàn lásán, ẹ rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí ẹ sì pa mọ́tò. Epo tí kò jó ń wọ inú sàlẹ́ńsà lọ, inú catalyst (ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú sàlẹ́ńsà) ló ti máa jó, á sì bà á jẹ́. Owó catalyst ò ṣeé fi wé owó púlọ́ọ̀gì mẹ́rin rárá.

## Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọn ò bá dè é dáadáa

### Ó dẹ̀

Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun náà sì ni àwọn èèyàn ń fojú kéré jù. Wọ́n rò pé ohun tó dẹ̀ kò lè ju kó jo lọ. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná tó ń jó nínú sìlíńdà ń mú ẹnu púlọ́ọ̀gì gbóná gan-an, ojú tírẹ́ẹ̀dì (ìlà tó yí ara púlọ́ọ̀gì ká tí wọ́n fi ń dè é) àti wọ́ṣà (òrùka ìdí rẹ̀) ni èyí tó pọ̀ jù nínú ooru náà ń gbà bọ́ sára tọ́ọ̀pù sìlíńdà, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì tí púlọ́ọ̀gì wọ̀. Bí púlọ́ọ̀gì bá dẹ̀, ooru ò rí ọ̀nà lọ. Ẹnu púlọ́ọ̀gì á pọ́n wẹ̀, á wá máa tan epo kó tó tó àkókò. Ẹ ó gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń kan kọ̀-kọ̀-kọ̀ lórí òkè. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, písítìnnì lè lu.

Púlọ́ọ̀gì tó dẹ̀ tún lè fò jáde pátápátá, kó fọ́ kọ́ìlì, kó sì kó tírẹ́ẹ̀dì inú ihò lọ.

Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ wò ó dáadáa nínú oòrùn. Wọ́ṣà rẹ̀ á ṣì wú, kò ní tẹ́. Èéfín dúdú á ti gba ojú tírẹ́ẹ̀dì gòkè wá sí abẹ́ ibi tí súpánà ń mú, nígbà míì á ti ta sára tánganran funfun náà. Àmọ́ ẹ má ṣi í mú: òrùka kan tó pupa rẹ́súrẹ́sú máa ń yí tánganran ká ní ibi tó ti kan irin, lára púlọ́ọ̀gì tí kò ní àléébù kankan. Iná mànàmáná tó lágbára ló ń fa ọ́ílì inú afẹ́fẹ́ mọ́ ibẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe jíjò. Èéfín orí tírẹ́ẹ̀dì àti abẹ́ wọ́ṣà ni kí ẹ máa wá.

### Ó fún jù

Àwọn ọ̀dọ́ mẹkáníìkì tó lágbára ló sábà ń ṣe èyí. Wọ́n á fi súpánà olọ́wọ́ gígùn fún un títí á fi ké. Irin púlọ́ọ̀gì á nà, tánganran inú rẹ̀ á sán láìjẹ́ pé ẹ rí i, iná á wá máa gba ibi tó sán kọjá dípò kó ta ní ẹnu. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tí à ń lò ló ní tọ́ọ̀pù alumíníọ̀mù, bẹ́ẹ̀ irin ni púlọ́ọ̀gì. Bí àwọn méjèèjì bá jọ wọ̀yá ìjà, alumíníọ̀mù ni tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ máa jẹ. Ẹ lè má mọ̀ lónìí. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́ lẹ mà máa mọ̀, nígbà tí ìdajì rẹ̀ bá kán sínú ihò.

### Ó wọlé ní ẹ̀gbẹ́

Èyí ni pé púlọ́ọ̀gì ò bá tírẹ́ẹ̀dì ihò mu, ó wọlé ní ìdagun, wọ́n sì fi súpánà fi tipá wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá rí púlọ́ọ̀gì tó le láti ìyípo àkọ́kọ́, ẹ dá ọwọ́ dúró níbẹ̀. Púlọ́ọ̀gì tó wọlé dáadáa máa ń fi ọwọ́ lásán yí títí wọ́ṣà á fi kan ìdí.

### Púlọ́ọ̀gì náà kọ́ ló ni mọ́tò

Ó lè wọlé kó má sì bá a mu. Gígùn tírẹ́ẹ̀dì yàtọ̀ síra: 19 mm wọ́pọ̀, 26.5 mm náà wọ́pọ̀. Èyí tó gùn jù lè kan písítìnnì tàbí fáàfù. Èyí tó kúrú jù kò ní dé ibi tí epo ti ń jó, èéfín á sì dì mọ́ tírẹ́ẹ̀dì tó ṣófo nínú ihò, tó bá dọjọ́ tí ẹ máa fi èyí tó tọ́ sí i, kò ní wọlé.

Ooru tí púlọ́ọ̀gì lè gbà náà yàtọ̀. Lára NGK àti Denso, bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni púlọ́ọ̀gì náà ṣe tutù tó, ìyẹn bó ṣe ń tètè gbé ooru kúrò lẹ́nu rẹ̀. Lára Bosch, òdìkejì rẹ̀ ni. Nítorí náà ẹ má fi nọ́ńbà ilé iṣẹ́ kan wá tòmíràn. Ìwé mọ́tò yín ni kí ẹ wò, tàbí kí ẹ wo ohun tó wà lára púlọ́ọ̀gì àtijọ́, bó bá dá yín lójú pé òun gan-an ló tọ́.

### Àlàfo ẹnu rẹ̀ ò péye

Bí "11" bá gbẹ̀yìn kóòdù púlọ́ọ̀gì NGK tàbí Denso, bíi SK16R11, ó túmọ̀ sí pé àlàfo rẹ̀ jẹ́ 1.1 mm láti ilé iṣẹ́. Ó máa ń ti ibẹ̀ wá bó ṣe yẹ, àmọ́ ẹ fi géèjì wò ó síbẹ̀, torí ó lè ti bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́jà. Púlọ́ọ̀gì tó bá já lulẹ̀ gbì, ẹ má lò ó mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sáńpépà ha púlọ́ọ̀gì iridium, kí wọ́n má sì fi orí irin tẹ ẹnu rẹ̀. Ìtí àárín rẹ̀ kéré gan-an, kò tó 1 mm, ó sì tètè ń ṣẹ́. Àṣà kí wọ́n rẹ púlọ́ọ̀gì sínú bẹntiróòlù kí wọ́n sì ṣáná sí i, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ níbẹ̀ pátápátá. Ó ti jó ọ̀pọ̀ ọwọ́, kì í sì tún púlọ́ọ̀gì ṣe.

## Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín

Irinṣẹ́ tí ẹ máa nílò: sọ́kẹ́ẹ̀tì púlọ́ọ̀gì tó ní rọ́bà tàbí mágínẹ́ẹ̀tì nínú (16 mm ló bá ọ̀pọ̀ mọ́tò Japan mu, àwọn àtijọ́ kan ń lo 21 mm, àwọn tuntun kan 14 mm), irin ìfàgùn, ráṣẹ́ẹ̀tì, sọ́kẹ́ẹ̀tì 10 mm fún bóòtù kọ́ìlì, àkísà tó mọ́, tọ́ọ̀ṣì, àti rọ́bà epo tó gùn ju ihò púlọ́ọ̀gì lọ. Bí ẹ bá rí torque wrench (súpánà tó ń sọ bí ẹ ṣe fún nǹkan tó) yá, ẹ yá a.

1. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ gbé e sílẹ̀ mọ́jú bó bá ṣeé ṣe. Alumíníọ̀mù gbígbóná rọ̀, ẹ lè fi púlọ́ọ̀gì fa tírẹ́ẹ̀dì jáde.
2. Ẹ pa á, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fa wáyà tàbí kọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti mọ èyí tí kò jó. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń ṣe é. Iná ibẹ̀ lè gbé èèyàn, ó sì lè ba kọ́ìlì àti brain box jẹ́.
3. Ẹ nu ibẹ̀. Ẹ rọra gbé kọ́ìlì kúrò, kí ẹ sì fẹ́ eruku inú ihò jáde kí púlọ́ọ̀gì tó kúrò níbẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, eruku pupa ló máa ń kún ibẹ̀. Ẹ lè wa mọ́tò lọ sọ́dọ̀ fọ́kanáísà kí ó fi atẹ́gùn rẹ̀ bá yín fẹ́ ẹ, àmọ́ ẹ dúró kó tutù kí ẹ tó tú púlọ́ọ̀gì. Òkúta kékeré kan tó bá já sínú sìlíńdà lè ha ara rẹ̀ yánnayànna.
4. Ẹ wo bóyá ọ́ílì wà nínú ihò. Bí ọ́ílì bá kún ibẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì fáàfù kọ́fà tàbí rọ́bà ìdí ihò ló ti jẹ. Ẹ fa ọ́ílì náà gbẹ pẹ̀lú àkísà kí ẹ tó tú púlọ́ọ̀gì, ẹ sì ṣètò láti pààrọ̀ rọ́bà náà. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, rọ́bà kọ́ìlì á wú, iná á sì máa sá gba ẹ̀gbẹ́.
5. Ẹ tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ ti kìíní, ẹ wò ó, ẹ dá a padà, kí ẹ tó lọ sí ìkejì. Bí mọ́tò yín bá jẹ́ oníwáyà gígùn ti àtijọ́, ẹ ò ní gbé wáyà fún ara wọn. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin ń jó tẹ̀ léra ní 1-3-4-2, bí ẹ bá fi wáyà méjì pààrọ̀ àyè, sàlẹ́ńsà á bẹ̀rẹ̀ sí í bú.
6. Ẹ fọkàn sí bó ṣe tú. Èyí tó tú bí ẹ ṣe fọwọ́ kan súpánà, ó dẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tó ń ké "kríì" títí dé òpin, ó fún jù tàbí ó wọlé ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà sìlíńdà rẹ̀ sílẹ̀.
7. Ẹ tò wọ́n síbi kan bí wọ́n ṣe wà nínú ẹ́ńjìnnì. Dúdú tó gbẹ: epo pọ̀ jù tàbí kò jó tán. Ó tutù fún ọ́ílì: ọ́ílì ń wọ sìlíńdà. Ó funfun, ó lé ròrò: ó gbóná jù, bóyá torí pé ó dẹ̀. Ìlà dúdú tóóró tó sọ̀kalẹ̀ lára tánganran: iná ń gba ẹ̀gbẹ́ lọ, ẹ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì àti rọ́bà kọ́ìlì rẹ̀ pọ̀.

Bí sìlíńdà kan ṣoṣo bá ń ní ìṣòro tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sì dára, ẹ gbé kọ́ìlì rẹ̀ fún sìlíńdà mìíràn kí ẹ tún un skáànì. Bí kóòdù bá tẹ̀ lé kọ́ìlì, bíi kó kúrò ní P0301 kó di P0302, kọ́ìlì ló bàjẹ́. Bó bá dúró síbi tó wà, ẹ máa wá nǹkan mìíràn.

## Bí ẹ ṣe máa dè é padà

Ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí. Súpánà kàn ń wá parí rẹ̀ ni.

1. Ẹ ti rọ́bà epo yẹn bọ orí púlọ́ọ̀gì, níbi tí kọ́ìlì máa ń bọ̀. Ẹ rọra sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ihò. Ẹ má jù ú sílẹ̀.
2. Ẹ kọ́kọ́ yí i sí òdì, bí ẹni ń tú u, títí ẹ ó fi rí i pé ó rì díẹ̀, "tọ́". Ìgbà yẹn ni tírẹ́ẹ̀dì méjèèjì bára wọn pàdé.
3. Ẹ wá yí i síbi tó ń fún, ìka méjì péré. Bó bá wọlé ní ẹ̀gbẹ́, rọ́bà á yọ̀ lórí púlọ́ọ̀gì kó tó ba tírẹ́ẹ̀dì jẹ́. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rọ́bà ju súpánà lọ nìyẹn. Bó bá yọ̀, ẹ tú u, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀.
4. Ẹ yí i títí wọ́ṣà á fi jókòó. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́: yóò kàn dúró gbagidi.
5. Ẹ wá fi sọ́kẹ́ẹ̀tì fún un dé ìwọ̀n.

Ìwọ̀n torque wrench, fún tọ́ọ̀pù alumíníọ̀mù:

- Tírẹ́ẹ̀dì 14 mm, tó ní wọ́ṣà: 25 sí 30 Nm
- Tírẹ́ẹ̀dì 12 mm, tó ní wọ́ṣà: 15 sí 20 Nm
- Tírẹ́ẹ̀dì 10 mm: 10 sí 12 Nm
- Tírẹ́ẹ̀dì 14 mm tí kò ní wọ́ṣà, tí ìdí rẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́: 10 sí 20 Nm

Bí ìwé mọ́tò yín bá sọ ìwọ̀n mìíràn, ti ìwé ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Bí kò bá sí torque wrench: ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìyípo láti ìgbà tí ọwọ́ ti fi jókòó. Púlọ́ọ̀gì 14 mm tuntun tó ní wọ́ṣà, ìdajì ìyípo sí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹ fojú inú wo aago: láti 12 dé 6, tàbí dé 8, ẹ má kọjá ibẹ̀. Ẹ ó rí i lọ́wọ́ tí wọ́ṣà ń tẹ́, ó máa ń rọ̀ díẹ̀ kó tó le. Púlọ́ọ̀gì tí ẹ ti lò rí, wọ́ṣà rẹ̀ ti tẹ́, láti 12 dé 1 péré ti tó. Èyí tí kò ní wọ́ṣà, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ìyípo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó nǹkan kan, ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ti ń fún un jù. Bí páálí púlọ́ọ̀gì bá ya àwòrán ìyípo tirẹ̀, ẹ tẹ̀ lé e.

Gírísì ńkọ́? Àwọn kan máa ń fi gírísì tàbí anti-seize kun tírẹ́ẹ̀dì. NGK sọ pé kí a má fi sí púlọ́ọ̀gì wọn, torí irin rẹ̀ ti ní ohun tí kì í jẹ́ kó dípẹta. Gírísì ń mú kó yọ̀, ẹ ó wá fún un ju bí ẹ ṣe rò lọ. Gírísì tí iná kì í gbà kọjá, tí wọ́n ṣe fún rọ́bà kọ́ìlì, ẹ lè fi díẹ̀ sí inú ẹnu rọ́bà náà. Ìyẹn ò léwu.

6. Ẹ ti kọ́ìlì wọlé títí yóò fi jókòó, ẹ dè bóòtù rẹ̀, ẹ sì ki wáyà rẹ̀ bọ̀ ọ́ títí ẹ ó fi gbọ́ "kà". Ìmú oníke orí wáyà yẹn máa ń kán lára mọ́tò tó ti pẹ́. Bó bá kán, kò ní dún "kà" mọ́, á sì máa yọ bí mọ́tò bá ń gbọ̀n. Ẹ má fi téèpù lé e lásán, ẹ ní kí ríwáyà pààrọ̀ orí rẹ̀.

## Bí tírẹ́ẹ̀dì bá ti bàjẹ́

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù, téèpù tàbí okùn dí i. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi súpánà tó tóbi jù fi tipá wọ púlọ́ọ̀gì. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà:

Bó bá jẹ́ ìyípo àkọ́kọ́ ló fara pa díẹ̀: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tún tírẹ́ẹ̀dì ṣe lè tọ́ ọ. Kí wọ́n kun gírísì sí i lára, kí ẹ̀rúnrún irin lè lẹ̀ mọ́ ọn dípò kó já sínú sìlíńdà.

Bí tírẹ́ẹ̀dì bá ti jẹ tán: kí wọ́n gbẹ́ ihò náà tóbi díẹ̀ kí wọ́n sì fi tírẹ́ẹ̀dì irin tuntun sí i. Helicoil, tó jẹ́ wáyà irin tí wọ́n ká bíi sípíríǹgì, wà, èyí tó dà bí òrùka irin kíki wà, mo sì fara mọ́ oníkíki yẹn jù fún púlọ́ọ̀gì, torí kì í bá púlọ́ọ̀gì jáde nígbà tí ẹ bá ń yọ ọ́. Iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni. Ẹ béèrè bóyá ó ti ṣe é rí, kí ẹ sì bi í bó ṣe máa kó ẹ̀rúnrún irin jáde. Bí kò bá ní èsì sí ìkejì, ẹ gbé mọ́tò yín lọ.

Bí ihò bá ti sán: tọ́ọ̀pù mìíràn ni. Ti Bẹ́ljíọ̀mù máa ń wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ́ńjìnnì, àmọ́ kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ọwọ́ yí púlọ́ọ̀gì sínú gbogbo ihò rẹ̀ lójú ọlọ́jà.

Púlọ́ọ̀gì tó bá lẹ̀ mọ́ inú tí kò fẹ́ tú, ẹ fi WD-40 sí ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ tú u díẹ̀, ẹ dá a padà díẹ̀, ẹ tún un tú. Sùúrù ló ń yọ ọ́.

## Bí ẹ bá ń ra púlọ́ọ̀gì

Ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Lára ojúlówó, wọ́ṣà kì í já bọ́ sílẹ̀ bí ẹ bá da orí rẹ̀ kodò. Lẹ́tà ara tánganran mọ́ kedere, èékánná ò lè ha á kúrò. Bí páálí bá pè é ní iridium tí ìtí àárín rẹ̀ sì nípọn bíi ti púlọ́ọ̀gì lásán, ẹ dá a padà. Púlọ́ọ̀gì Bẹ́ljíọ̀mù tí wọ́n ti fọ̀ tán tó ń dán, èmi ò ní gbà yín níyànjú láti rà á, torí ẹ ò lè rí tánganran tó ti sán nínú. Púlọ́ọ̀gì lásán máa ń lò tó bíi 30,000 kìlómítà, ojúlówó iridium lè dé 100,000. Ẹ wá ṣírò èyí tó wọ́n jù.

## Bí ẹ bá gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì

Kò pọn dandan kí gbogbo èèyàn tú púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀gá mẹkáníìkì yín ni, ọ̀rọ̀ tútù ló ń yọ obì lápò. Ẹ lè sọ ọ́ báyìí:

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Láti ìgbà tí a ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì ni mo ti ń gbọ́ ariwo kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ wọ́n wò ká tó ra nǹkan mìíràn. Màá dúró ti yín."

Ọ̀gá tó mọṣẹ́ ò ní bínú sí ìyẹn. Ẹ dúró níbẹ̀ lóòótọ́. Bí ẹ bá rí ọmọ iṣẹ́ tó gbé súpánà kí ọwọ́ tó kan púlọ́ọ̀gì, ẹ sọ pẹ̀lú ẹ̀rín pé, "Àbúrò, jọ̀ọ́, fi ọwọ́ dè é ná." Ẹ sì gba púlọ́ọ̀gì àtijọ́ lọ́wọ́ wọn lọ sílé. Ó lè wúlò fún yín láti fi ra irú rẹ̀.

## Kí ẹ tó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé

- [ ] Gbogbo púlọ́ọ̀gì jẹ́ kóòdù kan náà
- [ ] Ọwọ́ ló fi gbogbo wọn jókòó kí súpánà tó dé
- [ ] Kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan wọlé, wáyà rẹ̀ sì dún "kà"
- [ ] Wáyà ò gba àyè ara wọn
- [ ] Kò sí àkísà tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ gbàgbé sórí ẹ́ńjìnnì

Ẹ sítáàtì rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbóná díẹ̀, kí ẹ sì fetí sí ìdí púlọ́ọ̀gì. Bí ẹ bá gbọ́ "fù-fù", ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bó bá dákẹ́, ẹ wà á lọ sórí òkè tó wà nítòsí yín, ẹ tẹ tọ́rótù díẹ̀díẹ̀, ẹ má kó èrò. Kí wọ́n pa kóòdù àtijọ́ rẹ́ kúrò nínú brain box, kí ẹ lè mọ̀ bóyá tuntun ń jáde.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún gbé kọ́ìlì sókè nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí èéfín dúdú níbẹ̀, ẹ dá kọ́ìlì padà, ẹ má sì tún púlọ́ọ̀gì fún. Wọ́ṣà rẹ̀ ti tẹ́, bí ẹ bá tún fi súpánà kàn án, tírẹ́ẹ̀dì lẹ ń fà.